Àgádágodo Orí Kànga

Ní abúlé Orí-Àpáta, omi ṣọ̀wọ́n ju epo lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ a gbẹ, a sì ku ẹrẹ̀ tí ẹran ń tẹ̀. Kànga tí ìjọ gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn wọn nìkan ló ń mú ará abúlé la ẹ̀ẹ̀rùn já. Gbogbo ènìyàn ló ń pọn níbẹ̀, àti onígbàgbọ́ àti ìmàle, àfi lọ́jọ́ Ìsinmi. Tíṣà Láoyè tó ń darí ìjọ ti pàṣẹ pé iṣẹ́ ni fífa omi, iṣẹ́ sì ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ Olúwa. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ti ń fi àgádágodo ti kànga, ó di òwúrọ̀ Mọ́ńdè.

Ọwọ́ opó kan tó ń jẹ́ Lìdíà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọdún méje gbáko ló fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò ṣí i. Wọ́n bú u, kò ṣí i. Bí Tíṣà bá ń yin àwọn tó ń pa òfin mọ́, Lìdíà ni ojú rẹ̀ máa ń wá, orí obìnrin náà a sì wú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bó ti ń wé gèlè láti lọ sí ìsìn, Sàlámátù aládùúgbò rẹ̀ já wọlé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Láti ìdájí lọmọ mi ti ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì. Àmù wa ti gbẹ. Ẹ bá mi ṣí kànga."

Lìdíà wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Ó da ìwọ̀nba omi tó kù nínú àmù tirẹ̀ fún Sàlámátù. Kò kún ife kan.

"Gba èyí ná. Láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn."

"Ìyá, ṣé ọmọ yìí mọ Mọ́ńdè?"

Lìdíà wé gèlè rẹ̀ tán. Ó lọ sí ìsìn.

Òfin ni Tíṣà wàásù lé lórí. Nígbà tó yá, ó na ìka sí i: "Ẹ wo arábìnrin wa Lìdíà! Àwòkọ́ṣe ni!" Ìyìn tó máa ń dùn mọ́ ọn wá korò létí rẹ̀. Ó dìde láàárín ìwàásù, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ garawa nínú kànga: jàbú! Tíṣà sáré jáde, ìjọ sì tẹ̀ lé e.

"Lìdíà! Ṣé o mọ ọjọ́ tí òní jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọjọ́ Olúwa ni. Omi Olúwa ni mo sì ń fà."

"O rú òfin!"

"Ọdún méje ni mo fi pa á mọ́, Tíṣà. Nítorí ìbẹ̀rù yín àti ìyìn ẹnu yín ni mo ṣe ń pa á mọ́. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ènìyàn. Òní yìí gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa á mọ́."

"A ó yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé ìjọ. Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

"Ẹ yọ ọ́. Ẹni tó dá mi mọ orúkọ mi."

Tíṣà na ọwọ́. Lìdíà wo ọwọ́ náà, ó mú àgádágodo tòun ti kọ́kọ́rọ́, ó sì jù wọ́n sínú kànga.

"Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fà á jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni fífà o. Ẹ dúró di Mọ́ńdè."

Ó gbé omi rù, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun àti Sàlámátù sè é, wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sọ́mọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ọmọ náà sunkún, omi sì jáde lójú rẹ̀; ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé yóò yè.

Wọ́n yọ orúkọ Lìdíà lóòótọ́. Síbẹ̀ kò pa ìsìn kan jẹ. Ìta ló ń jókòó sí, lábẹ́ fèrèsé, tó ń kọrin ju àwọn tó wà nínú lọ. Tíṣà kò tọrọ àforíjì rí, ṣùgbọ́n kò ra àgádágodo mìíràn.

Nígbà tí àwọn kan ń jiyàn níwájú Bàbá Rájí, baba ọkọ Sàlámátù, nípa ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ dára jù, arúgbó náà ní, "Ohun tí Lìdíà ń kà nínú ìwé rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe ni mo rí." Ọ̀rọ̀ tó fi kún un ló tàn ká gbogbo agbègbè náà, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: ìwà lẹ̀sìn.