Aago Lára Ilẹ̀kùn Ìyá Alábẹ́rẹ́

Ní àdúgbò Alárán l'Óṣogbo, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi ìwàǹwára tún nǹkan oníǹkan ṣe, wọ́n á ní, "Rọra o, a kì í kọ aago sára ilẹ̀kùn tí kò tì." Àlejò á rò pé ọ̀rọ̀ káfíńtà ni. Òmíràn á máa wá aago kiri ara ògiri. Kò sí aago níbì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, Fọlárìn ló sì bí i.

Fọlárìn ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Alárán nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tó kó dé àdúgbò, àmọ́ ó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó. Ẹgbẹ́ ní ìkànnì kan lórí ayélujára tí oníbàárà fi ń mọ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta léèsì àti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ìkànnì ọ̀hún ti gbó. Àwòrán rẹ̀ ti ṣú, lẹ́tà rẹ̀ rí wúruwùru, ojú a sì máa ti Fọlárìn láti fi han èèyàn. Nígbà tí ìpàdé ní kó tún un ṣe, inú rẹ̀ dùn jọjọ.

Alága kìlọ̀ fún un. "Akọ̀wé, lọ bá oníkálukú nísọ̀ rẹ̀ o. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ni màá tún tò dáadáa."

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Fọlárìn wo ìta, ó padà jókòó sábẹ́ fáànù.

Iṣẹ́ ń lọ geerege títí ó fi kan Ìyá Alábẹ́rẹ́, arúgbó tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti síìpù fún àwọn télọ̀. Gbogbo èèyàn ló kọ ọjà tí wọ́n ń tà. Ohun tí tìyá sọ kò ju èyí lọ: "Ilẹ̀kùn ò tì."

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí mà ga o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ àsìkò ìṣòwò nìyí?" Ó pa á rẹ́, ó kọ èyí tó yẹ ọmọlúàbí: "A ń ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀. A ń tì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́."

Ó gbé ìkànnì tuntun sórí ayélujára. Nígbà tó fi han ìpàdé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dìde lẹ́yìn.

"Fọlárìn, ọmọ mi, bá mi ka tèmi."

Ó kà á sókè ketekete. Àwọn àgbà inú ìpàdé ń wojú ara wọn.

"Ta ló tì í?" ni ìyá bi í.

"Ẹ̀n, mà?"

"Ilẹ̀kùn mi. Mo ní ta ló tì í?"

Alága ló fa Fọlárìn sí kọ̀rọ̀. "Ìyá Tìámíyù là ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó bá ọmọ rẹ̀ jà lórí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ní, 'Bí o bá bá a lọ, ilẹ̀kùn yìí tì mọ́ ọ nìyẹn.' Ọmọ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ìyá ò fẹ́ kí ayé gbọ́, ló ṣe ní ká kọ gbólóhùn kan yẹn. Ẹni tó ń bá wí á mọ̀."

Fọlárìn dá gbólóhùn náà padà lójú ẹsẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

"Dìde," ni ìyá wí. "Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ tì í."

Láti ìgbà náà, bí Fọlárìn bá ń kọjá, ìyá á béèrè, "Ó ṣì wà ní ṣíṣí?" Á ní, "Ó wà ní ṣíṣí, mà." Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí òjò fi dé, tí ìyá sì kú.

Lọ́jọ́ fìdáù ìyá, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì ilé rẹ̀, wọn ò lè wọlé. Wọ́n ní Tìámíyù ni. Fọlárìn lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ohun tí ìyá kọ ni?"

"Mo rí i. Ìyàwó mi ló ní ká máa bọ̀. A ti di ẹrù. Láàárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, mo ní kí n tún un kà. Mo bá 'A ń tì láago mẹ́fà' níbẹ̀. Mo ní ìyá mi ti yí ọkàn padà. Mi ò ṣí i wò mọ́."

Fọlárìn yọ fóònù, ó ṣí ìkànnì, ó nà án sí i. Tìámíyù ka gbólóhùn náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni Fọlárìn ti jẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin náà ò bú u, kò nà án. Ìbá nà án, ìbá sàn fún un.

Fọlárìn ti di àgbà ẹgbẹ́ báyìí. Bí ọ̀dọ́ kan bá sáré dé pé òun fẹ́ sọ ohun àtijọ́ dọ̀tun, á bi í pé, "Ta ló kọ èyí tó wà níbẹ̀? Ṣé o ti lọ bá a?" Bí onítọ̀hún bá ní òun ò lọ, á ní kó jókòó ná, pé a kì í kọ aago sára ilẹ̀kùn tí kò tì.