Ọ̀gá Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wọn Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà nílùú òtútù, ẹsẹ̀ ọmọ aráyé ló ń wọ̀n jẹun. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni. Ìsọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ òkè ńlá kan tí yìnyín máa ń bò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀ fún ìgbádùn. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ sórí pátákó yìí le bí igi, kì í fẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá há ẹsẹ̀ mọ́, ìka á dúdú. Bí ó bá tóbi jù, ẹsẹ̀ á máa yí nínú rẹ̀, eegun á sì kán. Ìdí nìyí tí ọkùnrin yìí fi ń wọn ẹsẹ̀ kí ó tó mú bàtà fún oníbàárà.

Iṣẹ́ náà kò le. Oníbàárà á bọ́ bàtà, á fi gìgísẹ̀ kan ògiri, á dúró ṣánṣán, nítorí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó kúrú ju ti ẹni tó dúró lọ. Ọkùnrin yìí á wá wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ìka tó gùn jù, tọ̀tún tòsì, torí ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gan-an ló le. Òmíràn á wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òmíràn á ká ìka rẹ̀ kò kí ẹsẹ̀ lè kéré. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ fẹ́ bọ́ bàtà rárá. Nọ́mbà ni wọ́n máa ń kà fún un. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sọ ohun kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti sú u pátápátá.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkirè. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ọmọ ìlú òtútù náà, ọmọ náà àti àwọn àna rẹ̀ ló sì mú un wá síbi òkè. Wọ́n ti wọ bàtà tiwọn, wọ́n dúró de é lẹ́nu ọ̀nà. Inú ọkùnrin wa dùn láti gbọ́ èdè ilé. Ó tẹríba, ó kí i, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri.”

“Mẹ́tàlélógójì ni mò ń wọ̀,” ni bàbá wí, ó sì jókòó sórí àga.

“Nọ́mbà bàtà ìrìn nìyẹn, sà. Gígùn ẹsẹ̀ gan-an la fi ń mú tibí.”

“Mo ti ń ra bàtà kí wọ́n tó bí ẹ. Mú un wá.”

“Kò ní pẹ́, sà. Ìṣẹ́jú méjì ni.”

“Ṣé o ò gbọ́ ni?”

Bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì ni bàbá ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin wa wo ẹ̀yìn, èrò mẹ́sàn-án ló tò sílẹ̀. Ó wo bàbá, bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ ló ń wò, ó sì rọra fà á sábẹ́ àga. Ó yẹ kí ìyẹn sọ nǹkan fún ọkùnrin wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ti sú kì í fara balẹ̀ wò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, kí ó máa mọ̀ ọ́n lọ. Ó fojú díwọ̀n, ó gbé bàtà lé bàbá lọ́wọ́, ó pe ẹni tó kàn.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi gbé bàbá dé. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn alákọ̀ọ́kọ́ ló ṣubú sí. Bàtà òsì kò kúrò lójú kan, ẹsẹ̀ ló yí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó bá ṣubú lórí òkè ní kí wọ́n pe ọkùnrin wa wá tú bàtà náà. Ó kúnlẹ̀, ó tú ìdè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. Nọ́ọ̀sì mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ìbọ̀sẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà kò ní ìka kankan. Epo gbígbóná ló dà sí i nígbà tí bàbá wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí. Wàyí o, àna ọkùnrin rí i, àna obìnrin rí i, èrò tó ń kọjá rí i. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ọmọ ogójì ọdún ni, òun náà ò mọ̀.

Ọkùnrin wa ò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí. Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Fóòmù rírọ̀ wà tí à ń kì síwájú bàtà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Lóṣù tó kọjá mo ṣe é fún ẹnìkan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ burú ju èyí lọ, ó sì yọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.”

“Ojú ló ń tì mí,” ni bàbá wí.

“Èmi nìkan ni ì bá rí i.”

Ọ̀sẹ̀ méje ni bàbá fi jókòó sílé ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ dídì lórí ìrọ̀rí. Ọ̀gá ìsọ̀ sì gba iṣẹ́ wíwọ̀n lọ́wọ́ ọkùnrin wa títí òtútù ọdún náà fi parí. Bàtà fífọ̀ ló fi í sí. Kò jiyàn. Ó mọ̀ pé ẹnu lásán ni bàbá fi kọ̀, òun ni òun fi ọwọ́ ara òun gbé bàtà fún un.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ tó kó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní kò sí nǹkan kan, pé inú ló kàn ń bí i. Nọ́mbà lò ń kà fún mi. Ó ti sú mi, díẹ̀ ló kù kí n fojú díwọ̀n ọ̀rọ̀ rẹ, kí n sì ní kí o máa lọ. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí o ṣe bá burú, sọ ọ́ bó ṣe burú tó. Mo ti gbọ́ èyí tó jù ú lọ, a sì rí i tún ṣe. Lọ́la ni àwọn àna rẹ ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ohun tí o bá fi pamọ́ fún èmi nìkan lónìí, gbogbo wọn ni yóò rí i lọ́la, níṣojú àwọn ọmọ rẹ. Fa àga rẹ súnmọ́ mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ kọ́kọ́ dẹ́kun bíbá ọ sọ̀rọ̀.