Òrí Inú Asẹ́

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tí ẹ̀rọ ń mú omi inú rẹ̀ gbóná ti dákẹ́, orúnkún Ìyá Tèmídire sì ń ro ó. Ọkọ rẹ̀ gbé òòlù dé.

“Ẹ̀rọ yìí ti kú! N ó fọ́ ọ, ká ra òmíràn.”

“Bàbá Tèmídire, ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ní í rí ìfun rẹ̀. Ẹ pa iná ná.”

Ìyá yọ asẹ́ tí omi ń gbà kọjá. Òrí tó ń fi para kó tó wọ omi ló ti dí i pa! Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó dá a padà, wọ́n tan iná. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ó ń gbóná bọ̀.

Bàbá rọra gbé òòlù sẹ́yìn. “Ìfun èèrà rèé lóòótọ́. Ta ló wá fi òrí bọ́ ọ yó?”

“Ẹ jẹ́ n wẹ̀ ná, kí n tó dáhùn.”