Oyèdòkun Sẹ́ Àwẹ̀ró Níwájú Àwọn Àna Rẹ̀

Gbangba-kò-ṣeé-sá-pamọ́-sí, awo ìta. Kọ̀rọ̀-náà-lójú, awo ìyẹ̀wù. Àwọn ni wọ́n dífá fún Oyèdòkun, Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀sàn, nígbà tí ojú ń tì í nítorí ẹni tó tẹ ìlú rẹ̀ dó.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ìlú wa ni mo ń sọ yìí, kì í ṣe ìlú ẹlòmíràn. Ojú ń ti èmi náà bí mo ti ń sọ ọ́.

Obìnrin ló tẹ Ìdí-Ọ̀sàn dó. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ mú un ní ilé ọkọ, wọ́n sì lé e sínú igbó pé kó lọ kú síbẹ̀. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Kò kú. Ó rí ìsun omi lábẹ́ igi ọ̀sàn, ó pàgọ́ tì í, ó sì bímọ síbẹ̀. Ọmọ yẹn ni ìdílé Baálẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ogun dé, tí àwọn èèyàn ń sá kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, Àwẹ̀ró ló ń fún wọn lómi. Ìka rẹ̀ ti gé tán. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé igbá. Àwọn tó mu omi rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá jẹ Baálẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mu omi ìsun náà ní gbangba. Yóò ká ìka rẹ̀ kò, yóò fi ọrùn ọwọ́ gbé igbá sẹ́nu, yóò sì wí pé: "Ọmọ Àwẹ̀ró ni mí." Nígbà náà ni ìlú yóò hó yèè.

Lọ́jọ́ tó kan Oyèdòkun, àwọn àlejò láti Ìdó-Àpáta wà ní ìjókòó. Ọmọ wọn ń fẹ́ Ìbídùn, ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti rí. Wọn a wádìí bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Oyèdòkun. Ó na ìka rẹ̀ gbọọrọ, ó di igbá mú bí ẹni ń mu ẹmu, ó ní: "Ọmọ ọba Ifẹ̀ ni mí. Adé ni bàbá wa gbé wá." Adé wo? Àwọn àgbà ìlú wolẹ̀, wọ́n jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tiwọn nìyẹn.

Kò pẹ́, ìsun gbẹ ku ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin ń rìn dé odò ìlú mìíràn, wọ́n ń gbọ́ èébú níbẹ̀. Àwọn kan di ẹrù, wọ́n kó lọ. Oyèdòkun wá tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní: "Rú adìẹ funfun àti obì. Lẹ́yìn náà, kí o mu omi níṣojú àwọn àna rẹ bí wọ́n ti ń mu ún, kí o sì sọ ohun tí o kọ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni orí ẹbọ yìí."

Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, ṣé adìẹ ò lè di méjì?"

Wọ́n ní Ifá kò bá a nájà.

Ó rú adìẹ, ó rú obì. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó dá lọ síbi ìsun, ó ká ìka kò, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹrẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí òun. Ó délé, ó ní òun ti rúbọ. Omi kò sun.

Lọ́jọ́ ìdána, oòrùn mú janjan. Wọ́n gbé obì àti ẹmu fún Bàbá Ọdẹ́jàyí, olórí ẹbí ọkọ. Bàbá ní: "Ẹ ṣeun. Omi la gbọ́ pé ẹ kọ́kọ́ ń fún àlejò níbí." Wọ́n wo inú àmù. Omi ìsàlẹ̀ tó ti dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ló kù. Oyèdòkun ń rẹ́rìn-ín òfo. Ìlú tí omi dá sílẹ̀ kò rómi fún àna. Ojú ti tọmọdé tàgbà.

Ìbídùn bu èyí tó kù sínú igbá. Ó ká ìka kò, ó fi ọrùn ọwọ́ gbé e, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ọdẹ́jàyí.

"Ẹ má bínú, bàbá, omi wa nìyí. Adẹ́tẹ̀ ló tẹ ibí dó. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni mí. Bí ẹ ò bá fẹ́ mi mọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Oyèdòkun ń wá ibi tí yóò fojú sí.

Bàbá Ọdẹ́jàyí mu omi náà tán. Ó ní: "Ìyàwó wa, dìde. A ti wádìí tán ká tó gbẹ́sẹ̀ sọ́nà. Ìyá tó fún àjèjì lómi, ta ni ò ní fẹ́ ọmọ rẹ̀?" Ó wá kọjú sí Oyèdòkun. "Ẹ̀yin gan-an là ń bẹ̀rù, Baálẹ̀. Ẹni tó sẹ́ ìyá rẹ̀ níṣojú wa, kí ni ò ní sẹ́?"

Oyèdòkun ṣí fìlà. Ó lọ síbi ìsun, gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé e. Ó bu ẹrẹ̀ sínú igbá, ó fi ọrùn ọwọ́ gbé e mu, ó sì pariwo orúkọ Àwẹ̀ró títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti sun. Àwọn tó kó lọ padà wálé. Ìbídùn relé ọkọ, ó sì bímọ.

Ifá ní ẹbọ tí a bá gé orí rẹ̀ kì í dà. Ẹni tó gbọ́ tawo, tó ṣe é délẹ̀, ire ni yóò rí. Oyèdòkun ṣe é, ó sì pẹ́ lórí oyè. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá ń ka orúkọ àwọn Baálẹ̀ wa, tí a kan tirẹ̀, a kì í pè é ní Oyèdòkun. Bàbá Ìbídùn la ń pè é.