Àwẹ̀ró Tí Ó La Olórí-Kunkun

Èso igi ni ó kù díẹ̀ kí ó tú ìlú Òkè-Àfọ̀n ká. Ẹni tí kò mọ àfọ̀n lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò ní rẹ́rìn-ín. Èso rẹ̀ tóbi ju orí àgbàlagbà lọ, ó wúwo ju ọmọ ọlọ lọ, kì í sì í ké gbàjarè kí ó tó já. Igi yìí ni àwọn baba ńlá wa bá lórí òkè nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí nígbà tí ìgbàgbọ́ dé. Ilé amọ̀ ni, bí àwọn ènìyàn bá fún ara wọn dáadáa, ó lè gba ọgọ́fà. Ìlú ń gbèrú, ìjọ ń gbèrú, ilé Ọlọ́run nìkan ni kò gbèrú. Nígbà tí yóò fi pé ogójì ọdún, àwọn tí ń jọ́sìn níta ti pọ̀ ju àwọn tí ó wà nínú lọ, abẹ́ àfọ̀n sì ni ìta náà.

Kí n sọ ọ́ bí ó ti rí, nítorí èmi kì í ṣe òpìtàn tí ń bo àṣírí ìlú rẹ̀ kí wọ́n lè fún un ní àga iwájú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni oòrùn ń pa níta. Ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú àwọn onílùú ni ó ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀, wọ́n gbẹ́ orúkọ baba wọn sí i lára, bí wọ́n bá sì lọ sí oko ní ọjọ́ Ìsinmi, òfìfo ni bẹ́ǹṣì náà yóò wà, kò sí ẹni tí yóò dán an wò. Àwọn tí ń dúró níta ni àwọn ará Ìdí-Arère, ogójì ilé, tí odò wọn gbẹ tí wọ́n fi wá bá wa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. A fún wọn ní ilẹ̀ kọ́lé, a fún wọn ní ilẹ̀ ro, a ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn. Ìjókòó ni a kò fún wọn. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbọ́ orin ìjọ wa nígbà náà, ohùn tí ń gbé e láti ìta ni ó dùn jù.

Láàrin wọn ni Dọ́káàsì Àwẹ̀ró wà, opó, ìyá ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ agbẹ́lọ tí òkúta kì í rẹ́ jẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ó mọ̀ pé o bọ ènìyàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni kí wọ́n máa gbẹ́ ọlọ, kò sì sí ilé kan ní Òkè-Àfọ̀n, ilé olówó tàbí ilé tálákà, tí kì í lọ ata lórí òkúta tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Àwọn onílùú ń jẹ ọbẹ̀ orí ọlọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ níta ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú Lẹ́ńtì, ibi tí a ti ń ka Ìgbàgbọ́ ni èso kan ti já. Lìdíà, ọmọ Àwẹ̀ró, ni ó bà ní èjìká, eegun rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan péré ni ó wà láàrin èso náà àti orí ọmọ yẹn. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Wọ́n gbé Lìdíà lọ sọ́dọ̀ teguntẹgun, Àwẹ̀ró sì tú ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gbójú sókè wo igi náà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ Ajé, ìjọ pàdé. Ẹnìkan ní kí a gé igi náà. Wọ́n bi í léèrè pé kí ni a ó wá máa pe ìlú, àti pé ta ni yóò dúró sínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún wákàtí mẹ́ta láìsí ìbòòji. Ẹlòmíràn ní kí a fẹ ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Níbo? Ọ̀nà ọba wà ní ìwọ̀-oòrùn, ibojì wà ní gúúsù, ilé ìwé wà ní àríwá. Ìlà-oòrùn nìkan ni ó ṣófo, àpáta ńlá tí à ń pè ní Olórí-Kunkun ni ó sì jókòó síbẹ̀, ó tóbi ju iyàrá méjì lọ. Ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, àwọn ọkùnrin ìlú ti dáná sí i, wọ́n ti da omi sí i, òòlù wọn ti kán lára rẹ̀, ìwọ̀nba èèpo bí èèpo iṣu ni ó já kúrò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kò ṣe é là.

Bàbá Ìjọ ni Jeremáyà Àríyíbí. Ènìyàn rere ni. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ó wo àwọn ará Ìdí-Arère tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn báyìí, àti pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, kò dùn ún gbọ́. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró, pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, kọjá láàrin àwọn bẹ́ǹṣì títí ó fi dé iwájú, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ gbà wá nígbà tí a kò ní ibi tí a ó forí pamọ́ sí, a kò jẹ́ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní dúró sábẹ́ igi yẹn mọ́, ọmọ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ẹ fún mi ní Olórí-Kunkun. Bí mo bá là á, ẹ ó fi òkúta rẹ̀ fẹ ilé Ọlọ́run sí i, a kò sì ní gbẹ́ orúkọ ìdílé kankan sára bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Bí n kò bá là á, ogójì ilé wa yóò di ẹrù kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀. Ẹ kò ní gbọ́ ìkùnsínú lẹ́nu wa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ní kí wọ́n fi sí ìbò, gbogbo ọwọ́ onílùú ni ó sì lọ sókè, nítorí ẹni tí ó rò pé ó ti borí kì í bá ènìyàn du. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bá a jà. Wọ́n bi í léèrè pé ta ni ó rán an níṣẹ́, tí ó fi kó ilé wọn lé orí àpáta láì bi wọ́n. Ẹjọ́ wọn kúkú tọ́. Ó tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n fún òun di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì gbé òòlù rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń kan àpáta náà díẹ̀díẹ̀, tí ó ń fi etí lé e. Níbi tí ó bá ti dún bí ìkòkò tí ó ní àlébù, yóò fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìlà ẹfun kan ti là á já láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá ṣàlàyé àṣìṣe àwọn baba wa. Wọ́n dáná dáadáa, ṣùgbọ́n bí oníkálukú ti ń dé ni ó ń da igbá omi tirẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ kì í la òkúta, èèpo rẹ̀ ni ó máa ń bó. Omi gbọ́dọ̀ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ogójì ìkòkò, ní ojú ìlà kan náà. Ẹ sì rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò ti fà sẹ́yìn, ìwọ̀nba omi mímu ni ó kù nínú àmù ilé kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n to igi gbígbẹ sójú ìlà ẹfun, wọ́n dáná. Iná náà jó títí oòrùn fi dé àtàrí. Àwọn ará Ìdí-Arère gbé omi wọn wá, kò sí ilé kan nínú wọn tí ó kù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ àmù wọn ju tiwa lọ, ilé méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń da omi pọ̀ kí ìkòkò kan tó kún. Ìkòkò mẹ́tàdínlógún ni ó jẹ́. Àwọn onílùú dúró ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wòran. Igi ń tán lọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn da èyí tí ó wà, bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

"N kò ní fi ìlàjì omi ba òkúta yìí jẹ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Bí ó bá bó lónìí, kò ní là láéláé. Ẹ kó igi tó kù sí i."

Igi òrùlé ahéré rẹ̀ ni wọ́n ń kó sí i nígbà tí Lìdíà dé. Wọ́n ti so apá rẹ̀ kan mọ́ àyà. Ọwọ́ kejì ni ó fi di igbá omi kékeré kan mú lórí, omi náà ń dà sí i lójú bí ó ti ń gun òkè bọ̀. Ó kọjá níwájú àwọn onílùú, ó kí wọn pé ẹ kú ìdúró. Bí a ti máa ń kí ẹni tí ó dúró ni ó kí wọn, kò fi bú ẹnikẹ́ni.

Bàbá Ìjọ Àríyíbí yí padà, ó wọ ilé rẹ̀ lọ. Àwọn kan rò pé inú ló bí i. Nígbà tí ó jáde, òṣùká wà lórí rẹ̀, ìkòkò omi sì wà lórí òṣùká. Ẹni àádọ́rin ọdún, baálé ilé mẹ́ta, ń ru omi ní gbangba ojú ọ̀nà! Àwọn ọ̀dọ́ sáré pé kí àwọn bá a gbé e, kò gbà. Ó lọ títí ó fi dé ibi tí iná wà, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì bá obìnrin tí ó ní kí ó máa relé sọ̀rọ̀.

"Ìyá Lìdíà," ni ó wí, "níbo ni kí n dúró sí?"

Àwẹ̀ró fi ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ hàn án.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ dà gìrìgìrì. Gbogbo ilé ni ó yọ ìdérí àmù. Àwọn kan ní ọgọ́rin ìkòkò ni ó dé ibẹ̀, àsọdùn ni. Mẹ́tàléláàádọ́ta ni, bàbá mi àgbà kà á. Onílùú àti àlejò tò kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ sí orí gegele tí ó wà lókè àpáta náà, wọ́n gbọ́n iná kúrò lójú ìlà, Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi dà. Ooru bo gbogbo òkè, ẹnikẹ́ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àwọn obìnrin Ìdí-Arère ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì, ó dún gbàù, ooru náà sì ṣí. Olórí-Kunkun ti pín sí mẹ́ta.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ènìyàn púpọ̀, kò sì sí èyí tí ojú rẹ̀ kì í tutù bí ó bá dé ibẹ̀. Bàbá mi àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rere lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àwọn tí ó ti di ẹrù ní Ọjọ́rú lọ tú ẹrù wọn. Ọkàn gbogbo ìlú balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí omi ní ilé ẹnikẹ́ni, òǹgbẹ ń gbẹ onílé, ó ń gbẹ àlejò, kò sì sí ẹni tí ó ráhùn.

Kí ìkórè tó dé, wọ́n ti fi òkúta Olórí-Kunkun mọ apá ìlà-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí ó gba irínwó ènìyàn. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ òkúta igun. Ní ọjọ́ tí wọ́n yà á sí mímọ́, wọ́n gbé àga sílẹ̀ dè é níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ìjọ. Kò lọ síbẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri òkúta, ó na ẹsẹ̀. Àlùfáà sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bọ́ síwájú.

"Ẹ jẹ́ n wà níbí," ni ó wí. "Ibi tí mo bá ti rí ni kí n jókòó sí. Mo ti dúró tó."

Títí di òní, kò sí orúkọ ìdílé lára bẹ́ǹṣì kankan ní apá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bọ́ sí àyájọ́ ọjọ́ náà, àwa ọmọ onílùú ni a máa ń dúró sábẹ́ àfọ̀n nígbà orin àkọ́kọ́, títí gbogbo àlejò yóò fi jókòó tán. A kì í wo òkè, nítorí èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í wo òkè. Ní èṣín, èso kan já sí ẹ̀yìn mi, kò jìnnà rárá, mo sì pàdánù ẹsẹ orin kan gbáko. Bí àjèjì kan bá sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Ìsinmi èyíkéyìí, tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnìkan ni ó ni ibẹ̀, ẹni tí ó bá wà nítòsí yóò sún fún un, yóò sì sọ fún un bí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé, "Ẹ jókòó. Ẹnìkan ti dúró fún yín."