Òkété, Ọ̀gá Ọlọ́ta

Àlọ́ mi dún gbòlà bí ìbọn ṣakabùlà. Ó fo erin, ó fo ẹfọ̀n, orí Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bí àpò ló lọ bà sí.

Ẹ̀pà ń wu Òkété jẹ. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o, nítorí inú ihò rẹ̀ kún fún ẹ̀gẹ́ àti iṣu tó jí kó lóko olóko. Ẹ̀pà ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ẹ̀pà ọdún yẹn sì ti wọ inú aká ìlú tán. Aká náà kò ṣeé jà lólè, torí Ìnàkí ló ń ṣọ́ ọ, ẹni tí Ìnàkí bá sì gbá létí lẹ́ẹ̀kan, etí kejì ló fi ń gbọ́ràn títí ọdún yóò fi yípo.

Bí Òkété ti ń ro ti ẹ̀pà, omi ni àwọn ẹranko yòókù ń rò. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, gbogbo odò ti gbẹ àfi ọ̀kan ṣoṣo, Ẹkùn sì ti fi ìdí jókòó sétí ọ̀kan ṣoṣo náà. Ó ní òun ló jogún rẹ̀. Wọ́n bi í pé lọ́wọ́ ta ni. Ó fi eyín hàn wọ́n, wọ́n sì gbà pé ogún tòótọ́ ni. Ìyá Àgbọ̀nrín ní ọmọ kan péré. Ètè ọmọ náà ti bó, ìrì ara ewé ló ń lá láàárọ̀, bí oòrùn bá sì ti yọ, ó di kó máa wo ìyá rẹ̀ lójú. Àánú ọmọ náà ṣe gbogbo ìlú, àfi Òkété, tó ń rí omi mu lára iṣu.

Ìgbà tó yá ni oyin lé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́yínká kúrò nínú igbó. Ó sáré débi pé ọjọ́ kejì ni òjìji rẹ̀ tó bá a délé. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kèrègbè ẹ̀tù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ọ̀pá tó fi ń ki ìbọn náà kò gbẹ́yìn. Ìnàkí kó gbogbo rẹ̀ wálé, inú ìlú sì dùn, wọ́n ní Ẹkùn yóò kúrò létí odò wàyí.

Ìnàkí lọ́wọ́, ó lè gbé ìbọn. Ẹ̀tù wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi ṣe ọta? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ má bú wọn. Ẹranko tó bá gbọ́ ìró ìbọn kì í dúró wo ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀; èyí tó bá sì dúró, kì í padà wálé wá ròyìn.

Òkété wúkọ́. Ó ní ìdí ààrò ilé Ọdẹ́yínká ni wọ́n ti bí bàbá òun, pé ìdílé àwọn ti mọ ìbọn kí wọ́n tó mọ eyín lò. Kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni èyí: láti inú ihò ìdí ààrò yẹn ló ti rí i pé bí àgbà ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yìnbọn lágbàlá rẹ̀, ẹ̀tù lásán ni wọ́n sì ń kì sí i, láìsí ọta. Yóò dún, yóò rú èéfín, kò sì ní pa adìyẹ kan. Òkété gbé ọ̀rọ̀ yìí mì.

Wọ́n ní kó bá àwọn yan ọta. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ wá, ó gé ọ̀kan jẹ, ó ní yóò la ẹnu ìbọn. Wọ́n wá àfọ́kù ọkọ́ wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní irin àti irin ọmọ ìyá ni, ọmọ ìyá kì í lé ọmọ ìyá jáde nílé. Gbogbo wọn mirí. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí àgbà.

"Ọta gidi kò gbọdọ̀ kéré kó máa mì nínú ihò," ó ní. "Kò gbọdọ̀ tóbi kó má lè wọ̀ ọ́. Ó gbọdọ̀ bá ihò mu rẹ́gí, kó wúwo, kó sì lọ́ràá díẹ̀."

"Lọ́ràá kẹ̀?" Ìnàkí bi í.

"Ọ̀rá ló ń jẹ́ kó yọ̀ jáde. Ẹ lọ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà kan wá."

Ó ní inú ihò òun ni òun yóò ti ṣà á, torí ọta tí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀ a máa tijú. Ó ṣà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ní eyín ló ń dun òun. Ó gba ìbọn, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó da ẹ̀tù sí i, ó fi koríko gbígbẹ dí i, ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹ̀pà wà.

Ìnàkí yìn ín. Ìbọn dún, èéfín bo igbó, Ìnàkí fi ìdí jókòó láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹkùn kò gbọ́ irú rẹ̀ nítòsí rí. Ó sá lọ débi tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìlú ya sí odò. Ọmọ Àgbọ̀nrín mu omi títí ikùn rẹ̀ fi ń dún ṣọ̀lọ̀ṣọ̀lọ̀, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n fi Òkété joyè Ọ̀gá Ọlọ́ta. Ká ní ó jẹ́wọ́ nígbà náà ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá dárí jì í, èmi náà ì bá sì ti lọ sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, Ẹkùn jókòó níbi tó sá lọ, ó ka àmì dúdú ara rẹ̀ bóyá ihò ọta ti kún wọn. Iye wọn pé, kò lé. Ó dìde, ó padà sétí odò. Òkété ní ẹ̀pà àkọ́kọ́ ló fúyẹ́, kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ méjì wá. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹkùn sá dé orí òkè, ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkété ní ó ku díẹ̀, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹkùn sín, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń sùn lọ. Òùngbẹ tún padà sí ọ̀fun ìlú. Ní ti Òkété, nígbà yẹn, ikùn rẹ̀ ló ń ṣáájú dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ìyá Àgbọ̀nrín kò lè fara dà á mọ́. Ó yọ́ wọ inú koríko tó wà láàárín ìbọn àti odò, ó sì ń wò ó lọ. Ewé kan kò ya. Òwú aláǹtakùn kan kò já. Ẹ̀pà kan kò sí nílẹ̀. Ó padà wá bá Ìnàkí, ó bi í pé ọta tí kò ya ewé, ara ta ni yóò wọ̀?

Gbogbo wọn bá gbéra, ó di ẹnu ihò Òkété. Òkété ní ọta òun yára ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́ nígbà tí Ẹkùn fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà odò gòkè bọ̀, ó ń bú ramúramù, ó fẹ́ mọ ẹni tó ń fi ariwo dá oorun ọ̀sán mọ́ òun lójú.

Ihò Òkété ní ẹnu méjì: èyí tó wà lẹ́yìn, níbi tí ìlú dúró sí, fẹ̀, èyí tó wà níwájú kọjú sí ọ̀nà odò, ó sì tín-ín-rín. Òkété kó wọ ti ẹ̀yìn gìrì, ó fẹ́ gba ti iwájú sá mọ́ ìlú lọ́wọ́ kí Ẹkùn tó dé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di Ọ̀gá Ọlọ́ta ló ti gbẹ́ ẹnu iwájú yẹn. Orí jáde, èjìká jáde, ikùn kọ̀. Ó tì síwájú, kò lọ. Ó fà sẹ́yìn, kò padà. Ẹkùn ń bọ̀ níwájú. Òkété figbe ta pé òun ti há.

Ìyá Àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò láti ẹ̀yìn. Ó rí òkìtì èèpo ẹ̀pà, ó rí ìrù Òkété tó ń jù fìrìfìrì lókè rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yé e.

"Ọ̀gá Ọlọ́ta," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé o ò mì nínú ihò yẹn?"

"N ò mì rárá, ìyá mi. Mo bá a mu rẹ́gí, ìyẹn gan-an ló ń pa mí."

"Ṣé o sì wúwo?"

"Mo wúwo."

"Ọ̀rá ńkọ́?"

Òkété fẹ́ dáhùn, ó sì gbọ́ tí nǹkan ń dà ṣàà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ìró ẹ̀tù. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ ẹ̀pà yẹn," ó ní.

"A ti mọ̀," Ìyá Àgbọ̀nrín dá a lóhùn. "Òun ló jẹ́ kí o wúwo."

Ìnàkí ti da gbogbo ẹ̀tù tó kù sínú ihò, ó fi èèpo ẹ̀pà àti koríko dí i bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi òkúta ìbọn ṣáná sí i.

Gbòòlà! Òkété fò jáde, àárín ojú Ẹkùn ló bà sí. Ẹ̀pà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tú sí Ẹkùn lójú bí òjò yìnyín, ìbẹ̀rù sì mú kí Òkété fi eyín di imú Ẹkùn mú. Ẹkùn ké, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ní ó ń sọ pé òun lè bá ìlú tó ní ìbọn gbé, ṣùgbọ́n ìbọn tí ọta rẹ̀ ń sunkún, tó tún ń géni jẹ, òun kò bá a du odò. Títí di òní, kò padà.

Ọmọ Àgbọ̀nrín mu omi lọ́jọ́ náà àti lójoojúmọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òkété kò kú. Wọ́n gba oyè lórí rẹ̀, wọ́n sì ní kó ṣa ẹ̀pà tó fọ́n ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sínú aká. Ọwọ́ ni kó fi ṣà á, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, Ìnàkí sì dúró ti etí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kì í ti í fẹ́ rìn lọ́sàn-án mọ́.

Ẹni tí ìlú bá ní kó bá wọn yan ọta, kó má fi ikùn ara rẹ̀ ṣe àpò. Bí ẹ bá sì ní mo parọ́, ẹ wo ṣóńṣó ìrù Òkété. Eérú ẹ̀tù ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀ tó funfun. Bí ẹ bá bá a tó dúdú, ẹ wá gba ẹ̀pà ọwọ́ mi.