Oko Mímọ́ Àtàndá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbe orin rẹ̀ dáadáa, torí mo kọ ebè títí lónìí, ẹ̀yìn ń dùn mí. Àlọ́ mi ò yára. Ó rọra dá lórí Àtàndá àgbẹ̀, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, àti Ekòló inú ilẹ̀.

Oko kan ṣoṣo ni Àtàndá ní, ọmọ mẹ́rin ló sì ń jẹun níbẹ̀. Ó fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa sọ pé oko rẹ̀ mọ́ bí ojúde. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, Àyọ̀ká a gbá gbogbo oko, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Àtàndá a sì finá sí ewé, bùlàbùlà!

Lọ́dún kìíní, Ekòló yọrí nínú ebè, ó ń kọrin:

Àtàndá, fewé sílẹ̀ fún mi,
*Ó rẹ ilẹ̀.*
Ewé ni mò ń jẹ tí ilẹ̀ fi ń dúdú,
*Ó rẹ ilẹ̀.*
Bí mo bá yó, ìwọ náà á yó,
*Ó rẹ ilẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́.*

Àtàndá ní, "Má dọ̀tí oko mi." Ó finá sí ewé náà, bùlàbùlà! Iṣu tó máa ń tó itan wá tó apá.

Lọ́dún kejì, Ekòló tún kọrin. Ẹ gbè é.

*Ó rẹ ilẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́.*

Àtàndá tún finá sí i, bùlàbùlà! Iṣu wá tó ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Àyọ̀ká. Apá rẹ̀ ò gbé ewé dé ìdí iná mọ́, ó bá ń dà á sẹ́yìn abà. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀.

Lọ́dún kẹta, Ekòló ò kọrin. Ilẹ̀ ti funfun bí eérú. Àtàndá wa ebè títí, iṣu ò ju ìka lọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Àyọ̀ká, kí làwọn ọmọ yóò jẹ?"

Àyọ̀ká ní, "Ẹ wá wo ẹ̀yìn abà."

Ewé ibẹ̀ ti jẹrà, ó ti di ilẹ̀ dúdú. Èbù tó já bọ́ síbẹ̀ ti hù fúnra rẹ̀. Wọ́n wa á, ó tó itan. Ekòló àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà nídìí rẹ̀, wọ́n ń jẹun.

Àtàndá kúnlẹ̀. "Ekòló, jọ̀ọ́, padà sóko."

Ekòló ní, "Kí ni n ó jẹ níbẹ̀? Da ewé sí i, gbin erèé sí i, kí o fi í sílẹ̀ kó sinmi. Bó bá dúdú, mo ń bọ̀."

Àtàndá ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣu ẹ̀yìn abà ni wọ́n ń pín jẹ. Àtàndá ń bá àwọn olóko mìíràn ro oko kí wọ́n lè rí oúnjẹ kún un. Ẹ̀yin ọmọ, irun orí rẹ̀ funfun kí ilẹ̀ yẹn tó dúdú.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà ń jẹun, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ká dá díẹ̀ padà. Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí èbù mi má hù.

Ẹni tó bá ń lọ, kó bá mi da èèpo iṣu yẹn sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.